Òṣóògùn, Abúlé Tó Wà Nínú Bíbélì Wa

A máa ń sọ̀rọ̀ nípa Násárẹ́tì àti Bẹ́tánì dáadáa nínú ìjọ wa. Abúlé tí a kò dé rí ni wọ́n, síbẹ̀ a mọ orúkọ àwọn ará ibẹ̀ bí ẹni mọ aládùúgbò. Lónìí, ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí abúlé kan tí kò sí nínú àwòrán ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn Bíbélì yín. Òṣóògùn ni orúkọ rẹ̀, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìṣẹ́yìn, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Kì í ṣe ìlú ńlá. Èèyàn lè gbé Ìbàdàn fún ogún ọdún kó má débẹ̀, ká má tilẹ̀ wá sọ àwa tí a wà ní Port Harcourt níbí.

Ibẹ̀ ni wọ́n bí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther sí, ní nǹkan bí ọdún 1809. Gbogbo wa la mọ orúkọ yìí. Àmọ́ ẹ ṣàkíyèsí bí a ti máa ń sọ ìtàn rẹ̀: wọ́n mú un lẹ́rú, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀, ó kàwé, ó di bíṣọ́ọ̀bù. Bí ẹni pé inú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n bí i sí! Ọmọ ọdún méjìlá tàbí mẹ́tàlá ni nígbà tí wọ́n mú un. Ọmọ tó ti tó bẹ́ẹ̀ nígbà ayé wọn ti gbọ́ èdè bàbá rẹ̀ délẹ̀, ó ti mọ bí a ti ń kí àgbà, ó ti mọ oríkì, ó ti ń gbọ́ òwe. Ohun tó kó jáde ní Òṣóògùn nìyẹn, kò sì sí ẹni tó rí i gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú gbogbo ọ̀nà tó rìn. Òun ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí ibẹ̀ ti rí. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni, koríko àti igi káàkiri, kì í ṣe ilẹ̀ omi àti ẹrẹ̀ bíi ti ìhà ọ̀dọ̀ wa níbí. Abẹ́ Aláàfin ni wọ́n wà. Agbo ilé ni wọ́n ń gbé, bàbá àgbà, àwọn ọmọ rẹ̀, àwọn ìyàwó, àwọn ọmọ-ọmọ, kò sí ẹni tó ń fi kọ́kọ́rọ́ ti yàrá mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ayémi, bàbá Àjàyí, ahunṣọ ni, ìdílé rẹ̀ sì wá láti ìhà Kétu. Àfàlá ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ẹni tó bá mọ Ìṣẹ́yìn mọ ohun tí iṣẹ́ òfì jẹ́ ní agbègbè yẹn títí di òní. Àwọn obìnrin á ran òwú, wọ́n á rẹ ẹ́ láró. Àwọn ọkùnrin á ta á sórí òfì, wọ́n á máa hun ún ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, kí wọ́n tó wá rán an pọ̀ kó di aṣọ. Etù, sányán, àlàárì. Aṣọ òkè tí ẹ wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó lóṣù tó kọjá, irú iṣẹ́ tó ń bọ́ ilé Ayémi nìyẹn. Ọmọdé á jókòó ti bàbá, á máa ká òwú, etí rẹ̀ á sì wà níbi tí àwọn àgbà ti ń sọ̀rọ̀. Tí kò bá sí nídìí òfì, á wà lóko iṣu. Ilé ẹ̀kọ́ wọn nìyẹn.

Àwọn tó kọ ìtàn ayé rẹ̀ sọ pé nígbà tí wọ́n difá fún un ní kékeré, babaláwo ní kí wọ́n má fi í fún òrìṣà kankan, nítorí pé Ọlọ́run ọ̀run ni yóò sìn. Èmi kì í gbára lé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ púpọ̀. Ẹ̀yìn tí ọmọ bá ti di èèyàn ńlá tán ni a sábà máa ń rántí ohun tí ifá sọ. Àmọ́ ìtàn náà jẹ́ ká mọ irú ilé tó ti jáde. Ilé onífá ni, ilé olórìṣà ni. Àwọn Mùsùlùmí sì ti wà káàkiri ilẹ̀ Ọ̀yọ́ tipẹ́tipẹ́, tí wọ́n ń ṣòwò, tí wọ́n ń kírun, tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sì ń wọnú èdè gbogbo ará ìlú. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, n óò padà sí i.

Mo ń pè é ní abúlé láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà ayé Ayémi, ìlú ni. Crowther fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú lẹ́tà kan tó kọ ní Fourah Bay ní Sàró, ní ọjọ́ 22 oṣù Kejì ọdún 1837, sí Rev. William Jowett tó jẹ́ akọ̀wé CMS. Ó ní ọgbà igi ni wọ́n fi yí ìlú náà ká, tí àyíká rẹ̀ tó máìlì mẹ́rin; pé ó ní ẹnubodè bíi mẹ́fà; pé àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ tó 12,000, tí a lè rí 3,000 ọkùnrin tó lè jagun nínú wọn. Ìṣirò ẹni tó kúrò níbẹ̀ ní kékeré ni o, ó lè dín, ó lè lé. Síbẹ̀, ẹ rí i pé Òṣóògùn kì í ṣe ilé mẹ́ta lẹ́bàá ọ̀nà. Ogun ló sọ ọ́ di abúlé.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1821, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀, wọ́n ń gbọ́ oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ìròyìn dé pé ogun ti dé. Kí wọ́n tó mọ̀, ogun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yí ìlú ká. Àwọn kan nínú àwọn ọkùnrin kò sí nílé. Àwọn tó wà nílé ní ẹnubodè mẹ́fà láti ṣọ́, ọgbà náà sì ti jẹra níbi púpọ̀. Wọ́n jà fún wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin, ìlú sì fọ́. Nínú lẹ́tà yẹn, ìyà tó jẹ àwọn obìnrin ló gba ọ̀rọ̀ jù lọ lẹ́nu rẹ̀. Obìnrin a gbé ọmọ pọ̀n, ọmọ mẹ́ta, mẹ́rin á so mọ́ ọn lọ́wọ́, ẹrù á wà lórí, á máa sáré gba inú igbó ẹlẹ́gùn-ún, ẹ̀gún á sì máa fa ẹrù bọ́ lórí rẹ̀. Ayémi sáré wọlé, ó ní kí wọ́n tètè máa sá lọ, ó sì padà síbi ìjà. Ìgbà tí Àjàyí fojú kan bàbá rẹ̀ kẹ́yìn nìyẹn. Òun àti ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin méjì, tí ọ̀kan jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́wàá, bọ́ sọ́wọ́ àwọn ológun. Wọ́n fi okùn so wọ́n pọ̀ lọ́rùn bí ẹni so ewúrẹ́. Bí wọ́n ti ń dà wọ́n lọ, iná ti ń jó ìlú lẹ́yìn wọn.

Ta ni àwọn ológun náà? Crowther kọ ọ́ síbẹ̀: àwọn Mùsùlùmí Ọ̀yọ́, pẹ̀lú àwọn Fúlàní, àti àwọn ẹrú tó ti sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn. Ó ní gbogbo wọn pọ̀ tó 20,000. Mo mọ̀ pé lásìkò tí a wà yìí, ẹlòmíì á ti kà á dé ibi Fúlàní, á sì dúró síbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dúró síbẹ̀. Ọmọ Ọ̀yọ́ ló kọ́kọ́ dárúkọ. Ìjọba Ọ̀yọ́-Ilé ló ń tú ká nígbà náà; Àfọ̀njá ti ṣọ̀tẹ̀ ní Ìlọrin lọ́dún díẹ̀ ṣáájú; àṣẹ Aláàfin kò dé ibi tó ń dé tẹ́lẹ̀ mọ́; ẹni tó bá sì ní ẹṣin àti ohun ìjà lè kó ọmọ ọlọ́mọ kó fi ṣòwò. Àwọn tó rà á, tí wọ́n tún un tà, láti ọjà kan dé òmíràn, èdè tó gbọ́ ni púpọ̀ nínú wọn ń sọ sí i. Potogí kò dé Òṣóògùn. Etíkun ló jókòó sí, àwa la gbé ara wa lọ bá a. A máa ń fẹ́ fo ibẹ̀ tí a bá ń sọ ìtàn ẹrú nínú ilé ìjọsìn, àbí irọ́ ni mo pa?

Ìṣẹ́yìn ni wọ́n kọ́kọ́ kó wọn lọ, bí ogún máìlì sí Òṣóògùn, òru ni wọ́n sì débẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n pín wọn. Òun àti àbúrò rẹ̀ kan bọ́ sí ọwọ́ olórí ogun. Ìyá rẹ̀ àti ọmọ ọwọ́ bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n fi Àjàyí ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin kan. Lẹ́yìn oṣù méjì, ẹni tó gbà á ní ẹṣin yẹn kò tẹ́ òun lọ́rùn mọ́, ni wọ́n bá dá ẹṣin padà, wọ́n gba ọmọ padà. Ẹ ti rí ẹni tó dá mọ́tò padà fún oníṣòwò rí. Bí wọ́n ti ṣe ọmọ Àfàlá nìyẹn. Wọ́n gbé e lọ sí Dádà, ó sì bá ìyá rẹ̀ níbẹ̀. Nǹkan bí oṣù mẹ́ta ló fi ń gé koríko fún ẹṣin, tó ń ráyè lọ kí ìyá rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n mú un lọ láìjẹ́ kí ó dágbére. Láti ibẹ̀, ọwọ́ dé ọwọ́. Nígbà tó rí i pé ọ̀nà ìlú àwọn òyìnbó ni wọ́n ń mú òun lọ, ó fi àmùrè ara rẹ̀ gbìyànjú láti fún ara rẹ̀ lọ́rùn lóru, ọkàn rẹ̀ kò gbà á láti parí rẹ̀. Wọ́n tún fi í gba tábà àti ọtí. Nígbà tó sì kan ọ̀rọ̀ wíwọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Èkó, ọmọ ilẹ̀ ọ̀dàn tí kò rí omi tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí, orí àpò àgbàdo ló wà láti òwúrọ̀ di alẹ́, kò lè jẹun, ẹ̀rù omi ń bà á. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wọ ọkọ̀ lọ sí Bonny mọ bí ọkàn èèyàn ti ń rí nígbà tí ìjì bá dé.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì méjì, Myrmidon àti Iphigenia, gbá ọkọ̀ Potogí tó kó wọn mú. Wọ́n gúnlẹ̀ sí Freetown ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà. Ìtàn ibẹ̀ ni ẹ mọ̀ jù, nítorí náà n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ni pé abúlé ni wọ́n tún fi wọ́n sí. Bathurst ni wọ́n fi Àjàyí sí, níbi tó ti kọ́ iṣẹ́ káfíńtà àti ìwé, tó sì ń ka Májẹ̀mú Tuntun kí oṣù mẹ́fà tó pé. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ kún irú àwọn abúlé bẹ́ẹ̀ ní Sàró. Ẹ mọ ohun tí àwọn ẹ̀yà yòókù ń pè wọ́n? Àkú. Nítorí pé ìgbàkígbà tí wọ́n bá pàdé, ẹ kú àárọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìjókòó, kì í tán. Wọ́n ti sọ ilé nù, wọ́n ti sọ orúkọ nù, ìkíni ló kù, òun náà ló sì di orúkọ wọn.

Ó di ọdún 1846 kí Crowther tó fi ẹsẹ̀ tẹ Abẹ́òkúta gẹ́gẹ́ bí àlùfáà, pẹ̀lú àwọn ajíhìnrere CMS. Òṣóògùn kò sí mọ́ láti padà sí. Àmọ́ ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, ọmọ bàbá rẹ̀ kan mú obìnrin àgbàlagbà kan wá bá a. Àfàlá ni. Ọdún 25 ti kọjá. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀ pé ara ìyá òun ń gbọ̀n, òun náà kò lè sọ̀rọ̀, wọ́n kàn ń wo ara wọn, tí omijé ń ṣàn. Ìyá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì ń pè é ní àwọn orúkọ àpọ́nlé tí ìyá àgbà rẹ̀ máa ń fi pè é ní kékeré. Ìyá àgbà náà ti kú sóko ẹrú. Ẹ rò ó wò ná: ìlú ti jóná, òfì ti jóná, bàbá ti kú, ẹni tó sọ ọmọ lórúkọ wọ̀nyẹn ti kú, síbẹ̀ àwọn orúkọ náà ṣì wà lẹ́nu obìnrin kan. Crowther kíyè sí i pé ẹsẹ Ìwé Mímọ́ tó bọ́ sí ọjọ́ náà nínú kàlẹ́ńdà wọn jẹ́ ti Sáàmù 10, níbi tí ó ti sọ pé Ọlọ́run ni olùrànlọ́wọ́ ọmọ aláìníbaba. Àfàlá ṣe ìrìbọmi ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì ọdún 1848, ó ń jẹ́ Hannah.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ Bíbélì. Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, ó mú un gbòòrò sí i ní 1852, ó sì fi òwe kún inú rẹ̀. Ìwé Róòmù jáde ní 1850. Kò dá a ṣe: Thomas King wà pẹ̀lú rẹ̀, àwọn mìíràn náà ṣe tiwọn, odindi Bíbélì sì parí ní 1884. Èdè Ọ̀yọ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ará Ìjẹ̀bú, ará Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà tó wà nínú ìjọ wa, ẹ má bínú, ẹ̀ka èdè tí ọmọ Ayémi gbọ́ dàgbà ni gbogbo wa ń fi gbàdúrà láràárọ̀. Nígbà mìíràn, tí mo bá ń múra ìwàásù sílẹ̀, mo máa ń rò pé Àfàlá ìbá gbọ́ gbogbo gbólóhùn yìí yé.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ mẹ́ta kan: àlùfáà, wòlíì, àdúrà. Ẹ fi ìwàásù tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dá kún un. Ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí ni gbogbo wọn ti wọ èdè wa. Ẹni tí ológun Mùsùlùmí wà lára àwọn tó jó ìlú bàbá rẹ̀ ló jókòó, tó ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi pe Áárónì àti Aísáyà. Ó lè yàn láti dá ọ̀rọ̀ tuntun sílẹ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó mú ọ̀rọ̀ tó ti wà lẹ́nu ará ọjà. Ojú mi, èyí ju gbogbo oyè tí wọ́n fi jẹ ẹ́ ní Canterbury ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 1864 lọ. Kò jẹ́ kí ohun tí wọ́n fi ṣe é ní àárọ̀ ọjọ́ kan pinnu irú Yorùbá tí Ọlọ́run yóò máa fi bá àwa sọ̀rọ̀. Tí aládùúgbò rẹ tó jẹ́ Mùsùlùmí bá gbọ́ tí ìwọ ń sọ pé o fẹ́ gbàdúrà, ọ̀rọ̀ kan náà ni ẹ̀yin méjèèjì ń lò.

Ọmọ tí ẹ̀rù omi ń bà lórí àpò àgbàdo yẹn, orí omi ló wá fi èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́. Odò Ọya láti 1841, lẹ́yìn náà ìhà tiwa níbí. Ní 1864, ọba Bonny, William Pepple, kọ̀wé béèrè fún olùkọ́, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ní ọjọ́ Àjíǹde ọdún 1867, Bonny kéde pé awọ́nrínwọ́n kì í ṣe ohun mímọ́ mọ́. Ṣáájú ìgbà náà, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Nígbà tí Crowther kú ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1891, ọmọ rẹ̀ Dandeson ni archdeacon níbẹ̀, òun ló sì ṣíwájú nígbà tí ìjọ Niger Delta Pastorate bẹ̀rẹ̀ sí í dá dúró ní 1892. Crowther kò sì fi Yorùbá gún wọn lọ́fun. Ó ti ṣe ìwé ìbẹ̀rẹ̀ fún èdè Ìgbò láti 1857. Ẹni tó mọ iyì èdè abúlé tirẹ̀ ni, ó mọ̀ pé abúlé ẹlòmíì náà ní tiwọn.

Ilẹ̀ tí a ń gbé yìí ńkọ́? Kí Lugard tó fún ìlú yìí ní orúkọ Port Harcourt ní oṣù Kẹjọ ọdún 1913, oko àti abúlé àwọn ará Ìkwẹ́rẹ́ ló wà káàkiri agbègbè yìí. Èyí tí a ń pè ní Mile 1, Rumuwoji ló ń jẹ́. Mile 3, Nkpolu Oroworukwo. Àwọn onílẹ̀ ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀. Àwa la ń fi máìlì ka ilé wọn, nítorí pé mọ́tò ló gbé wa débẹ̀. Ó dára kí ọmọ Yorùbá tó ń ra nǹkan ní ọjà Mile 1 mọ orúkọ ilé tó dúró sí.

Àwọn ọmọ wa tó ti pé ọdún méjìlá, mẹ́tàlá, tí a bí ní Port Harcourt níbí, tí ẹ bá béèrè pé ọmọ ibo ni wọ́n, wọ́n á ní D-Line. Wọn kò purọ́. Nítorí náà mo bẹ ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ìyá àgbà tí ẹ wà láàárín wa: tí ẹ bá délé lẹ́yìn ìsìn, ẹ mú ìwé kan, kí ẹ kọ orúkọ abúlé yín sí i, àgbègbè tó wà, iṣẹ́ tí bàbá yín ń ṣe níbẹ̀, oúnjẹ tí ẹ ń jẹ láàárọ̀, àti orúkọ tí ìyá àgbà yín máa ń fi pè yín tí inú rẹ̀ bá dùn. Ẹ fún ọmọ náà. Kí ó kà á sókè, kí ẹ sì bá a tún ohùn rẹ̀ ṣe.